NyaLongwe Tó Ń Ná Máàkì

Ní Nkhata Bay, ìlú wa létí adágún, títí dòní, bí ọmọ ilé ìwé bá gba ààbọ̀ máàkì, wọ́n á ní máàkì NyaLongwe ló gbà. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tíṣà Chiumia fún àwọn ọmọ kíláàsì keje ní iṣẹ́ àṣetiléwá nínú ìtàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ta ló kọ́kọ́ rí adágún wa? Temwa, ọ̀kan nínú wọn, ka ìbéèrè náà sí NyaLongwe, ìyá àgbà rẹ̀, létí níbi tó ti ń sá usipa, ẹja wẹ́wẹ́ inú adágún, sórí àtẹ. NyaLongwe kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá bàbá mi ni. Ẹja ló ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja ò lè jẹ́rìí."

Temwa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó kù náà, ẹnu ìyá àgbà yìí kan náà ni ìdáhùn wọn ti wá, nítorí náà máàkì mẹ́rin péré ni bírò pupa fún un nínú mẹ́wàá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí Tíṣà Chiumia tó wọ kíláàsì, NyaLongwe ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì ti gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé tábìlì.

"Tíṣà, ọmọ mi, mẹ́rin yìí kéré."

"Màmá, ohun tó wà nínú ìwé ni mo tẹ̀ lé. Òyìnbó kan ló kọ́kọ́ rí adágún náà."

"Òyìnbó yẹn, ta ló wa ọkọ̀ gbé e débẹ̀?"

"Àwọn ará ibí ni."

"Ṣé wọ́n di ojú wọn ni?"

Tíṣà Chiumia wo òrùlé títí. Nígbà tí kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀, ó ní òun fi ọ̀kan kún un, ó di márùn-ún. NyaLongwe ní mẹ́jọ lòun máa gbà.

"Màmá, máàkì kì í ṣe ẹja."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èló lo rà á tó o fi ń ṣahun rẹ̀ báyìí?"

Wọ́n ná an lọ, wọ́n ná an bọ̀, títí ọ̀rọ̀ fi gúnlẹ̀ sí mẹ́fà. Tíṣà rò pé ó ti parí, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìyá kò dìde.

"Ènì dà?"

Létí adágún wa, kò sí ẹni tó máa wọn àwo usipa fún ọ tí kò ní bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí. Ẹni tí kò bá bù ú, olè ni wọ́n ń pè é, kódà kí àwo rẹ̀ kún dé ẹnu. Tíṣà Chiumia fúnra rẹ̀ ti jẹ ènì NyaLongwe kò lóǹkà. Ó mú bírò, ó kọ ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, ìyá sì gbé ẹja rẹ̀ lọ sọ́jà.

Kí a má purọ́ mọ́ òkú, NyaLongwe kì í sábà dáhùn ìbéèrè bó ṣe tọ́. Nínú sáyẹ́ǹsì, ewu ni. Nígbà kan tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú kòkòrò kan wá, kí ó fi orí, àyà àti ìyẹ́ rẹ̀ hàn. Ó bọ́ sí àkókò tí kòkòrò adágún máa ń gbéra lójú omi bí èéfín. NyaLongwe fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n wọn láti inú afẹ́fẹ́, ó gún wọn, ó mọ wọ́n roboto, ó sì yan wọ́n lórí ẹ̀yinná bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún. Temwa gbé e lọ sí ilé ìwé nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Orí dà? Ìyẹ́ dà?" ni tíṣà béèrè.

"Màmá Àgbà ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, Sà. Wọ́n ní kí ẹ ṣáà máa jẹ ẹ́ lọ, ẹ máa kàn án."

Tíṣà jẹ mẹ́ta, ó ní òun ṣì ń wá ìyẹ́. Ó jẹ ẹ̀kẹrin tán, ó fún Temwa ní òdo.

Ẹ̀kọ́ àwùjọ tún le ju ìyẹn lọ, nítorí pé ìjà àdúgbò máa ń wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí wọ́n ya máàpù àdúgbò wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, NyaLongwe àti NyaKamanga, aládùúgbò rẹ̀, kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí adìẹ NyaKamanga kan tó ṣa ẹja NyaLongwe jẹ lórí àtẹ. Ilé NyaKamanga kò gbọdọ̀ sí nínú máàpù nìyẹn. Ojú ilé náà ni ọ̀nà ọsibítù gbà kọjá, nítorí náà ọ̀nà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọsibítù dá wà ní igun ìwé bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé.

"Báwo ni aláìsàn ṣe fẹ́ débẹ̀?" ni tíṣà bi Temwa.

"Wọ́n ní kó gba orí omi, Sà."

Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín, Temwa náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń jẹ ìyá àgbà rẹ̀ lọ́kàn. NyaLongwe kò jókòó ní kíláàsì rí láyé rẹ̀, àfi níjọ́ tó lọ ná máàkì. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òun jáde wọ ilé ìwé lọ́jọ́ kan, kí ó gba máàkì rẹ̀ pé pérépéré láìjẹ́ pé òun bẹ ẹnikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, ó bi Temwa pé, "Gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí, ṣé kò wúlò fún ẹnì kankan ni?"

Nígbà tí Temwa dé kíláàsì kẹjọ, Tíṣà Chiumia fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sílé wọn. Ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbẹ̀, ó sì sọ tẹnu rẹ̀.

"Màmá, ìdánwò tó ń bọ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Àwọn tó máa máàkì rẹ̀, ẹ ò lè rí wọn, ká má tíì sọ pé ẹ máa bá wọn ná an. Bí Temwa bá kọ ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀, kò ní ráyè wọ sẹ́kọ́ńdìrì."

NyaLongwe yíjú sí omi. "Ó dáa. Màá dákẹ́."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Bí Temwa bá ti ń kàwé sókè, ìyá á ki ẹ̀gẹ́ tútù bọ ẹnu, á máa jẹ ẹ́ títí ọmọ á fi pa ìwé dé. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ìwé bá wá le ju ẹ̀gẹ́ lọ, á dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Temwa á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ewúrẹ́, ẹ wá gbọ́ irọ́." Ọmọ á fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwé tí kò sẹ́ni tó ń bá a jà kì í dùn ún kà.

Ó kọ ọ̀rọ̀ ìwé sínú ìdánwò náà, ó sì yege. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀, NyaLongwe jó yí ilé ìwé po, ó wá dúró níwájú Tíṣà Chiumia. "O rí i? Mi ò sọ nǹkan kan." Tíṣà mi orí.

Ìyá náà kú lákòókò òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, lójú oorun, láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn, ohun tí kò ṣe rí. NyaKamanga ló sunkún jù níbi ìsìnkú. Ó ní ta ló kù tí òun máa bá jà.

Temwa padà sí sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí ìsinmi kù díẹ̀, Ìyáàfin Msiska tó ń kọ́ wọn ní ìtàn fún wọn níṣẹ́: "Ẹ lọ bá àgbà kan nílé yín. Ẹ bi í bí ayé ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má wo ìwé kankan." Inú bí Temwa gidigidi. Ní gbogbo ọdún tó kọjá, wọn ò béèrè NyaLongwe rí, ìgbà tó wọlẹ̀ tán ni wọ́n ń béèrè rẹ̀.

Nígbà tó délé, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó ń kọ. Ó kọ nípa bí àwọn ọmọbìnrin ṣe máa ń ru ẹ̀gẹ́ gun òkè kí wọ́n tó la ọ̀nà mọ́tò. Ó kọ nípa ọdún tí adágún kún wọlé, tí ẹja ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sídìí ààrò, tí ìyá àgbà pàṣẹ fún omi pé kó padà, tí omi sì fi odindi oṣù méjì rò ó kí ó tó gbọ́. Kò yọ ọ̀kan nínú àwọn fáàrí náà kúrò.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, Ìyáàfin Msiska pè é lọ sí ọ́fíìsì. Ogún nínú ogún ló wà lórí ìwé náà.

"Mi ò fún ẹnikẹ́ni níyẹn rí. Màmá yìí dùn ún gbọ́ jù. Ṣé wọ́n lè wá bá kíláàsì wa sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ti kú, Mà. Wọ́n kú kí a tó lọ fún ìsinmi."

Ìyáàfin Msiska wo ìwé náà, ó tún wo ọmọ. "Ìgbà wo lo wá rí wọn bi ní gbogbo ìbéèrè yìí?"

"Mi ò bi wọ́n rí, Mà. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn béèrè tán kí wọ́n tó dáhùn."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, omijé sì ń bọ́ sórí ogún náà.