Ọmọ Dírááfù Tó Wọ Búláńkẹ́ẹ̀tì

Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n na ọmọ dírááfù mọ́ pátákó, àyà mi á já.

Ní Fẹ́sítáàkì, bàbá mi àtàwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tiẹ̀ lẹ búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdí ọmọ dírááfù wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà lórí itan ẹ̀, wọ́n ń fi ogun Làìbéríà ṣẹ̀fẹ̀, ni àlejò kan bá rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin àgbà, ṣé òtútù ń mú dírááfù yín ni?” Ó dojú ọmọ dírááfù kan dé, ó nà án mọ́ pátákó: gbà!

Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń kí ọba. Bàbá mi bò mí mọ́lẹ̀, àyà ẹ̀ ń lù kìkì. “Músú, má mira.”

Orúkọ mi kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò mira.

Mo ti dàgbà kí màmá mi tó sọ fún mi pé, ní Làìbéríà, bàbá mi ti bo ọmọdé kan mọ́lẹ̀ báyìí rí nígbà tí ìbọn ń dún. Músú mira.