Apá Ẹ̀wù Tí Mo Dà Nù

Nínú oṣù Mẹ́ta tó kọjá, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa láti St. George lọ sí Manhattan, obìnrin kan jókòó tì mí. Ó so òwú pupa àti funfun tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá nínú ilé gogoro tí a gbé ní Castle Hill.

Rádà ni ọ̀rẹ́ mi nígbà náà. Ilé wọn dojú kọ tiwa ní àjà kẹfà. Bùlgáríà ni wọ́n ti wá, àwa wá láti Ọ̀yọ́. Bí oṣù Mẹ́ta bá ti wọlé, ìyá rẹ̀ á so irú òwú yẹn mọ́ ọwọ́ àwa méjèèjì, kí òtútù lè tètè kásẹ̀ nílẹ̀. Ayàwòrán ni. Pálọ̀ wọn kò ní àga, àwòrán ńláńlá ló kún un, gbogbo rẹ̀ ń rùn fún ọ̀dà. Àkùkọ tí orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìlà pupa tó já síbi tí kò yẹ: ohun tó ń yà kò yé mi, n kò sì bi í níbi tó ti ń rí wọn.

Màmá mi gbé mọ́ín-mọ́ín fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Màmá mi gbé abọ́ rẹ̀ padà wálé. "Fọ́ọ̀mù ló ń ṣe fún mi yẹn o! Mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́yin!" Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń sọ ọ́.

Ní Sátidé kan, mò ń bá ìyá Rádà palẹ̀ mọ́. Láàárín àkísà tó fi ń nu búrọ́ọ̀ṣì, mo rí apá ẹ̀wù kan tó ti gbó, tí kòkòrò ti jẹ létí. Mo bi í bóyá kí n dà á nù. Búrọ́ọ̀ṣì wà láàárín eyín rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó mi orí sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti kọ́ mi nílé pé bí àgbà bá ti dáhùn, ọmọ kì í tún un bi. Mo lọ jù ú sínú ihò ìdalẹ̀nù tó wà ní kọ́rídọ̀, èyí tó ń gbé ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀ ilé.

Ìgbà tó wá a tì lọ́jọ́ yẹn la tó mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwọn, mímì orí sókè sódò, rárá ni. Sọ́tùn-ún sósì ni bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá tó bí ìyá Rádà ló fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí apá ẹ̀wù náà lábúlé wọn. Inú rẹ̀ ni gbogbo àkùkọ àti ìlà pupa yẹn ti ń jáde. Ìyá Rádà fi sílípáàsì sáré sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìdọ̀tí ti lọ. Kò bú mi. Ó wù mí kó bú mi.

"Ah! Ó fẹ́ mọ́ín-mọ́ín yẹn nígbà náà!" ni màmá mi wí, ó sì bú sẹ́kún.

Kó tó di ìgbà òtútù, wọ́n ti kó lọ. Rádà kò dágbére fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo rí òwú yẹn nínú ọkọ̀, mo wá iṣẹ́ ìyá Rádà kàn ní ilé àfihàn kan. Àwòrán ẹ̀wù obìnrin ni, ọnà abẹ́rẹ́ kún un láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àfi apá kan tó funfun báláú. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àyè funfun náà dúró fún ìlú tí àwọn tó ṣí kúrò nílé pàdánù. Wọn kò mọ̀ pé èmi ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ì bá ti sọ ìtumọ̀ orí mímì yẹn fún yín kí ẹ tó débi ihò ìdalẹ̀nù. Àwọn tó ń gbé àjà kẹfà ti yí padà, màmá mi ti kú, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn kò gbó rárá.

Ọmọ mi obìnrin tó sìn mí lọ sí ilé àfihàn náà, tí mo ti sọ ìtàn apá ẹ̀wù náà fún láìmẹ́nu kan ti orí mímì, bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti tell wọn sorry?"

Mo mi orí sókè sódò bí ìyá Rádà ti ṣe é lọ́jọ́ náà: rárá.

Ó di ọwọ́ mi mú. "That's good, Mọ́mì," ló wí.