Aṣọ Bàbá Lójú Kọ̀ǹpútà

Òórùn epo jẹnẹrétọ̀ àti ti kúlíkúlí tí wọ́n ń dín níta ló máa ń kún yàrá ọ̀rẹ́ mi ní Kakuri. O mọ bí àdúgbò yẹn ṣe pa rọ́rọ́ lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ kógbá wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá rẹ̀ ti ń ya ọnà sára aṣọ, kí àìsàn kíndìnrín tó dá a dùbúlẹ̀. Ẹyọ aṣọ rẹ̀ kan kò ṣẹ́kù nílé. Bàbá á máa ṣàpèjúwe wọn láti orí ẹní, ọ̀rẹ́ mi á máa fi Scheme, èdè kọ̀ǹpútà tí a jọ kọ́, tún wọn yà.

Bó ṣe kọ ọ́ dùn mọ́ mi. Ó máa ń dárúkọ ohun kọ̀ọ̀kan kó tó sọ iye rẹ̀: àwọ̀, ìlà, àlàfo. Èyí tó wù ú ló lè ṣáájú.

Bàbá á ní, “Aró yẹn, ẹ jẹ́ kó dúdú sí i.”

“To, Baba,” lọ̀rẹ́ mi á wí, ìyẹn ni pé ó dáa, á sì yí àwọ̀ nìkan padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná mànàmáná jó kọ̀ǹpútà rẹ̀. A gbé iṣẹ́ náà, tó ti tọ́jú sínú fúláàṣì, sórí tèmi, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ṣe Scheme tèmi yàtọ̀ sí àwọn tó ṣe tirẹ̀, ìlànà àjọlò wọn kò sì sọ bí a ó ṣe máa dárúkọ iye. Kálukú dá tirẹ̀ ṣe. Kólọ́ọ̀nù (:) ló ń ṣáájú orúkọ nínú tirẹ̀; tèmi tún fẹ́ háàṣì (#) níwájú kólọ́ọ̀nù. Mo rò pé ká yí àmì padà ti tó. Àṣé tirẹ̀ gbà kí a kó orúkọ àti iye jọ sínú àkójọ kan, kí a sì kó wọn fún apá tó ń yàwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Ibi púpọ̀ la ní láti tún kọ.

Ẹnu àtúnkọ yẹn la wà tí wọ́n fi gbé bàbá lọ sí ọsibítù.

“Ṣé ẹ ti ṣe tán?” ló bi wá níbẹ̀.

“Ó kù díẹ̀, Baba.”

“Ẹ má gbàgbé ìlà pupa etí rẹ̀ o.”

Kò padà wálé.

Lẹ́yìn àdúà fìdáù ni aṣọ náà tó hàn lójú kọ̀ǹpútà mi. A pe ìyá ọ̀rẹ́ mi. Ó wò ó títí, ó wá bi wá jẹ́jẹ́ pé, “Ṣé bàbá yín rí i?” Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́kún.

Mo ṣì ń kọ Scheme. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àwọn ọ̀sán tí bàbá fi ń ròyìn aṣọ rẹ̀ fún wa gan-an ló ń gbádùn, pé kò fi bẹ́ẹ̀ dúró de àwòrán kankan. Lọ́jọ́ mìíràn mo gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ọkàn mi kì í gbà.