Olùkọ́ Tó Ń Fẹnu Ṣèdánwò

"Ẹ pa ìwé dé, ẹ fẹnu sọ ọ́." Bí obìnrin tó ń kọ́ ọmọbìnrin mi ní yunifásítì ní Douala ṣe ń ṣèdánwò nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á mú ará ilé rẹ̀ kan wá, á sì ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fún un. Èmi ni ọmọ mi mú lọ. Ó fi Yorùbá àmúlùmálà ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ ṣe ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́.

Olùkọ́ bi mí pé, "Papa, ṣé ó yé yín?"

"Yékéyéké, Madame!" ni mo yára dáhùn, kí ọmọ má baà fìdí rẹmi.

Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi. "Ó dáa. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín."

Ọmọ mi wá ń wò mí bí mo ṣe máa ń wò ó láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.