Àtàǹpàkò Lórí Fáàfù

Òórùn tiransifọ́mà inú ampilifáyà tó ń jó kò jọ òórùn ohun mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá da àbẹ́là sínú páànù gbígbóná tí wọ́n tún ju rọ́bà lé e, ó sì lè lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni fún ọjọ́ mẹ́ta. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn náà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, inú á ti bí mi kí n tó rántí ohun tó ń bí mi nínú. Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ló kọ́kọ́ kàn mí, níwájú téṣàn rélùwéè Ọ̀fà, lójú àwọn èèyàn tó mọ bàbá àti ìyá mi, èmi ni gbogbo wọn sì ní mo fà á.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe firídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà náà ni, Alhaji kan tó ti ń tún rédíò àti ampilifáyà ṣe nítòsí ọjà Ọ̀wọ́dé kí bàbá mi tó gbéyàwó. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù tèmi lójú ọ̀nà Pólì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ampilifáyà gìtá, pàápàá àwọn ti àtijọ́ tó ń lo fáàfù. Fáàfù ni gílóòbù kékeré tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná nínú ẹ̀rọ náà, òun ló ń jẹ́ kí ohùn gìtá nípọn. Àwọn onígìtá máa ń jiyàn lórí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fáàfù bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan á ní ti Rọ́ṣíà ló lágbára, òmíràn á ní ti Ṣáínà náà ń gbìyànjú, ẹlòmíì á ní àfi ti Jámánì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé ọ̀kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ, ti ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti kógbá wọlé tipẹ́, tí wọ́n máa ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì. Èmi fúnra mi kò tíì rí ju bíi mẹ́fà lọ láyé mi, síbẹ̀ tó o bá gbọ́ bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún oníbàárà, wàá rò pé inú ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ti bí mi.

Ọ̀gá mi ní òfin kan lórí fáàfù Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ọ̀dà orúkọ náà kò lágbára rárá, òógùn ọwọ́ lásán lè pa á rẹ́, bí orúkọ bá sì ti pa rẹ́, iyì ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ìka méjì la fi ń di ìdí rẹ̀ mú, a kì í fọwọ́ kan ibi tí orúkọ wà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣèèṣì fi àtàǹpàkò kàn án, òun ni yóò gbá ṣọ́ọ̀bù fún odidi oṣù kan. Gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ la gbé òfin náà lọ síbi tí a lọ, nígbà tó yá, kò sí onírédíò kan ní Ọ̀fà tó jẹ́ fọwọ́ ra orúkọ fáàfù wò. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rí wa mú.

Ẹni tó rí wa mú kì í ṣe àlejò. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, ó ṣe firídọ́ọ̀mù ṣáájú mi, ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì kó má ta síni lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó fi títún nǹkan ṣe sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta páàtì rédíò, òun nìkan ló sì ń rí fáàfù Gẹ̀ẹ́sì tà láti Ọ̀fà dé Ìlémọnà. Ó ní ẹnì kan ló ń bá òun kó o jáde láti inú ilé ìkẹ́rùsí kan tí àwọn èèyàn ti gbàgbé. A gbà á gbọ́. Ta ló máa jókòó máa yẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wò?

Bàbá kan wà nílùú tó jẹ́ pé àsíá ló fi ń dá rélùwéè dúró nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìntì, gírátúìtì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́lé, gìtá àti ampilifáyà onífáàfù lòun fi tirẹ̀ rà. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí rẹ̀. Bàbá onígìtá ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì fẹ́ pàdé ní téṣàn lọ́dún yẹn, bàbá ló máa lu gìtá fún wọn, ó sì sọ fún mi nígbà tó gbé ampilifáyà náà wá pé ìka òun ti ń le, pé ó jọ pé ìyẹn ló máa kẹ́yìn. Fáàfù inú rẹ̀ ti rẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, mo ra mẹ́rin tó ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lára. Mo fi ìka méjì di ìdí wọn mú bí ọmọ gidi, mo kì wọ́n sáyè wọn, mo tẹ́tí sí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó dùn. Mo wá lọ gba ẹ̀wù mi lọ́wọ́ alágbàfọ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n á pè mí síta kí mi.

Orin kejì ni bàbá wà tí ọ̀kan nínú àwọn fáàfù náà fi pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Kí n tó sáré débẹ̀, èéfín ti gba ẹ̀yìn ampilifáyà, tiransifọ́mà ti jó, ohùn sì dá. Bàbá ṣì fọwọ́ lu okùn gìtá lẹ́ẹ̀mejì sí i kó tó mọ̀ pé òun nìkan lòun ń gbọ́ ara òun. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun ní nǹkan tó fi dáhùn pé, “Fáàfù Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe báyìí láyé. Ọmọ yìí ló kánjú ṣí ṣọ́ọ̀bù.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o, ọ̀gá mi jókòó síwájú, orí mi sì wọ́. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá onígìtá, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n náà, pé mo ba ọjà rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Mo fi ẹ̀wù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ alágbàfọ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó ní, “Dìde, àbúrò. Iṣẹ́ ò kúkú lọ.” Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́kadà ti ń pè mí ní Jóná, oníbàárà tó sì kù fún mi kò ju ẹni tó fẹ́ kí n bá òun so wáyà áyọ́ọ̀nù.

Ìbínú ló ṣí mi lójú, kì í ṣe ọgbọ́n. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo mú ọ̀kan nínú àwọn fáàfù mẹ́rin yẹn, mo fi àtàǹpàkò ra orúkọ ara rẹ̀ gírígírí, mo kàn fẹ́ kí orúkọ náà parun níwájú mi ni. Kò pa rẹ́. Mo fi kẹrosíìnì ra á, orúkọ dúró digbí. Mo lọ wá ọ̀kan nínú àwọn ògbólógbòó fáàfù tí mo yọ kúrò nínú ampilifáyà bàbá, èyí tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, orúkọ lọ. Mo jókòó. Èyí tó jẹ́ òtítọ́, orúkọ rẹ̀ kì í bá ọwọ́ jà, èyí tó jẹ́ irọ́ ló di orúkọ mú bí ẹni tó jalè. Mo wo ìdí gíláàsì méjèèjì. Àwọn lẹ́tà wínníwínní kan wà lára ti bàbá tí wọ́n fi iná tẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ. Lára ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ha ibẹ̀. Fáàfù tí wọ́n ti lò kú ló ń ṣà jọ, tó ń fọ̀ mọ́, tó ń fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lé lórí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá sọ ọ́ nígbà yẹn, wọ́n á ní Jóná ń wá ẹni tó máa gbé ẹrù rẹ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́, kí n má purọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gòkè sí i kí n tó fà á lulẹ̀, kí ìró ìṣubú rẹ̀ lè dé ilé ẹni tó ń pè mí lórúkọ ẹ̀gàn. Ó gbà mí ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Mo ń ra òkú fáàfù kiri, mo ń fọ́ wọn, mo ń wo inú wọn, títí tí mo fi lè dijú fọwọ́ kan ìdí fáàfù kí n sọ bóyá ti Rọ́ṣíà ni tàbí ti Ṣáínà tàbí ti Jámánì. Mo gba ààwẹ̀ mẹ́ta láàárín ìgbà náà, orúkọ ẹ̀gbọ́n sì wà nínú àdúrà mi ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe fún ire. Abẹ́ tábìlì mi ni ampilifáyà bàbá onígìtá wà, bó ṣe jó náà ni mo fi í sílẹ̀, torí ẹlẹ́rìí mi ni. Tí bàbá bá yà wá béèrè, màá ní, “Bàbá, ẹ ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀.” Á ní kò burú, á sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe bàbá. Ẹgbẹ́ àwa onírédíò fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n ṣe alága, ìpàdé sì di ti ilé ọ̀gá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Gbogbo wọn pé, títí kan àwọn tó ti Ojoku wá. Nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀, mo dìde, mo gbé fáàfù méjì sórí tábìlì, ọ̀kan láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lára ògbólógbòó inú ampilifáyà bàbá tí orúkọ ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò ra orúkọ méjèèjì lójú wa.” Ariwo sọ pé kí ni mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá ọmọ náà lóhùn. Ó ra tèmi, orúkọ lọ. Ó ra tirẹ̀, orúkọ dúró. Ó gbé méjèèjì sókè, ó ní, “Ẹ rí ayédèrú tó gbé wá?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo jẹ́ kí wọ́n pa á dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé kí ló sọ fún wa nípa ọ̀dà Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí a wà lọ́mọ iṣẹ́. Ọ̀gá wọ awò ojú rẹ̀, ó gba fáàfù méjèèjì, ó yí ìdí wọn síbi ìmọ́lẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ga, ó ní, “Ta ló gé òǹtẹ̀ fún ẹ?”

Àwọn tó pàtẹ́wọ́ ti ń fi ọwọ́ ra fáàfù tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀ tó wà nínú àpò iṣẹ́ wọn, kò sì sí ti ẹni tó pa rẹ́. Ọ̀gá ní kí ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi àbúrò. Ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí níhìn-ín mọ̀ pé tí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, kíákíá ni ọmọdé náà gbọ́dọ̀ ní kó dìde. Mi ò ní kó dìde. Mo dúró, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń wo èèrà tó ń rìn lórí fìlà rẹ̀. Àwọn kan wúkọ́, àwọn kan ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí, ó ní, “Ó tó, ọmọ mi, nítorí Ọlọ́run.” Ó dùn mọ́ mi nínú, ó dùn ju ohun tí mo rò lọ.

Ilé bàbá onígìtá ni mo gbà lọ láti ibẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo fara ṣàpèjúwe bí ẹ̀gbọ́n ṣe nà sílẹ̀. Bàbá gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ọlọ́run ló ṣeun. Ampilifáyà mi ńkọ́?”

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni tiransifọ́mà yẹn, kò ju kí n tún wáyà rẹ̀ wé. Mo lè ti ṣe é nígbàkigbà láàárín ọdún mẹ́ta náà. Bàbá wo ojú mi, ó jọ pé ó rí i níbẹ̀. Ó ní, “Mo rò pé kò ṣe é ṣe mọ́ ni. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn, pé ọmọ náà gbìyànjú, kò ṣe é ṣe ni, kí wọ́n má máa bú ẹ.”

Mo tún un ṣe láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo fi fáàfù tó jẹ́ fáàfù sí i, mo gbé e lọ bá a. Bàbá gbé gìtá lé itan, ó tẹ okùn, ṣùgbọ́n ìka òsì rẹ̀ kò fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ó gbìyànjú díẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ ṣì dára, ó sì ní kí n pa á, kí iná má lọ lásán.

Bàbá ti lọ báyìí. Ẹ̀gbọ́n ń ta ṣájà ní Ojoku, tí a bá pàdé á kí mi, mo sì ń dá a lóhùn láìdúró, torí mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì rò pé mo fẹ́. Àwọn onírédíò tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń ní kí n sọ ìtàn náà fún àwọn, mo sì máa ń sọ ọ́ dáadáa, títí dé ibi tí èèrà ti ń rìn lórí fìlà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dákẹ́. Mi ò tíì sọ èyí tó kù fún ẹnikẹ́ni rí.