Ọmọ Tí Wọn Kò Bupá Fún

"Ẹ má fi ọmọ pamọ́ o! Ẹ má kó ọmọ sá lọ sóko o!"

Ìkìlọ̀ tí ọkùnrin kan ń ké láti inú ọkọ̀ tí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ lórí nìyí, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ojú títì tó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà níbí. Ó ní àwọn tó ń bupá ń bọ̀, pé ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n máa lò, àti pé tọmọdé tàgbà ni wọ́n fẹ́ bupá fún kí àrùn ṣànpọ̀nná lè kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ náà kò tíì yà ní oríta tí màmá àgbàlagbà tó wà ní agboolé kejì sí tiwa ti ń pe ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó! Wọ́n ní ẹ̀rọ náà jọ ìbọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mà."

"Ìbọn! Ṣé ẹtu ni àwọn ọmọ mi ni? Di ẹrù wọn. Òjòkú ni wọ́n ń lọ lọ́la."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Mo lọ bá màmá náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ní òun máa rò ó. Ṣùgbọ́n agboolé tó wà ní Ọ̀fà pọ̀ ju èyí tí ẹsẹ̀ mi lè dé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi, ní bí ọdún mélòó kan kí a tó gba òmìnira.

Tíṣà ni mí nígbà náà, bí mo ṣe jẹ́ tíṣà títí dòní. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, Jẹ́bà ni wọ́n sì gbé e lọ. Èmi, ìyá ọkọ mi, ọmọkùnrin mi tó ti ń lọ sí ilé-ìwé, àti ọmọbìnrin mi tí kò tíì tó lọ, la wà nílé. Ẹ̀rù tètè máa ń bà mí lórí ọmọ. Bí ọ̀kan bá húkọ́, màá gbé etí lé e láyà. Mo máa ń se omi tí wọ́n ń mu, màá sì tún sẹ́ ẹ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ku kí n máa se afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ mi ń mí.

Ní ọjọ́ tí àwọn tó ń bupá dé, ilé-ìwé wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Inú àpótí tí wọ́n kó yìnyín sí ni oògùn náà wà; ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ká apá aṣọ mi sókè, kí àwọn ọmọ lè rí i pé kò pa mí. Wọ́n kán oògùn sí mi lápá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha ojú ibẹ̀, ó parí. Ọmọkùnrin mi sunkún díẹ̀, ó sì gbàgbé. Ọ̀gá wọn sọ fún mi pé bí àwọn bá ti kúrò ní ilé-ìwé, àwọn máa wọ agboolé kọ̀ọ̀kan. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, mo bọ́ ẹ̀wù ọmọbìnrin mi láti wo apá rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Màmá, èmi àti Ìyá ṣe bojúbojú!" ni ọmọ náà wí. "Inú owú ni mo wà. Wọn ò rí mi rárá!"

Ìyá ọkọ mi ń hun kíjìpá lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àwọn tó ń bupá dé ibí?"

"Wọ́n dé. Wọ́n lọ."

"Wọn ò bupá fún ọmọ yìí, mà."

"Wọ́n bi mí bóyá ọmọ kékeré wà nílé. Mo ní ó ti bá àbúrò bàbá ẹ̀ lọ sí Òjòkú."

"Ìyá! Kí ló dé?"

"Kákí ni wọ́n wọ̀."

Ó dá iṣẹ́ dúró nígbà náà, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún mi rí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Kí ó tó bí ọkọ mi, ó ti bí ọmọbìnrin kan. Olóde mú ọmọ náà. Orúkọ tí àwọn àgbà fi ń pe ṣànpọ̀nná nìyẹn, nítorí wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Àwọn wolé-wolé, tó máa ń yẹ ilé wò nítorí ìmọ́tótó, wọlé pẹ̀lú kákí lọ́rùn, wọ́n ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbé láàárín ìlú. Wọ́n gbé e lọ sí ahéré kan nínú igbó. Ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná ló ń gbé lọ láràárọ̀, á gbé e sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ọkùnrin náà sọ fún un pé kó má wulẹ̀ gbé ẹ̀kọ wá mọ́. Wọ́n ti sin ín. Wọn kò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án. Àwọn ará ilé sì ní kò gbọdọ̀ sunkún, torí wọn kì í sunkún ẹni tí olóde bá mú lọ.

"Kákí kan náà ni, ìyàwó," ló wí. "Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n gbé èyí náà lọ."

Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn wọ̀nyí kò wá gbé ẹnikẹ́ni lọ. Ó gbọ́, ó mi orí. Ó ní kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu wọn ni, "Màmá, ẹ kó ọmọ jáde kíá, a ò ráyè."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tọrọ àyè lọ́wọ́ hẹdimásítà, mo sì gbé ọmọ náà lọ sí disipẹ́ńsárì. Ọkùnrin tó ń fúnni lóògùn níbẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Dókítà, mọ̀ mí dáadáa.

"Tíṣà, kí ló tún ṣe ọmọ? Ó sín ni?"

"Bupá ni mo wá gbà fún un."

"Háà. Èmi ò ní oògùn bupá o. Àwọn tó wá lánàá ló ni ín, wọ́n sì ti kó tiwọn lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún mi, níbo ni mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sí? Mi ò ní yìnyín. Oògùn ẹ̀fọ́rí, ti ikọ́ àti ti egbò ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yìí."

"Níbo ni wọ́n gbà lọ?"

"Wọ́n ní Òjòkú."

Mo wọ lọ́rì àwọn tó ń lọ ra iṣu. Nígbà tí a dé Òjòkú, tíṣà kan níbẹ̀ sọ fún mi pé yìnyín wọn ti yọ́ tán, pé wọ́n da oògùn tó kù nù, wọ́n sì ti padà sí Ìlọrin. Mo béèrè ìgbà tí wọ́n tún ń bọ̀. Kò mọ̀. Ọkọ mi lọ béèrè ní Ìlọrin nígbà tó gba ìsinmi. Wọ́n ní ká máa retí wọn.

Ọyẹ́ dé kí wọ́n tó padà. Ibà ló kọ́kọ́ mú ọmọ mi, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ sú. Dókítà disipẹ́ńsárì ránṣẹ́ pé ká má gbé e wá, kó má baà ran àwọn aláìsàn yòókù. Awakọ̀ lọ́rì tí mo bẹ̀ kó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin ṣí aṣọ tí mo fi bò ó, ó wò ó, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì dúró sí àárín èmi àti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ kún inú ọkọ̀ yìí."

Mi ò lè bá a jà. Ká ní ọmọkùnrin mi wà nínú ọkọ̀ náà ni, ohun tí èmi náà ì bá sọ nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Olóde ti ṣe òun fúnra rẹ̀ rí nígbà èwe, àpá rẹ̀ wà lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kò tún lè ṣe òun. Ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ẹní kí ara ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń fẹ́ ẹ, ó ń kán ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, kò sì jẹ́ kí n gbà á ṣe. Ọmọ náà kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí èépá bẹ̀rẹ̀ sí í já, ojú rẹ̀ kò là. Nígbà tó sì là, funfun ni ẹyin ojú méjèèjì.

Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ gbẹ pátápátá, wọ́n gbà wá láyè nínú ọkọ̀ ojú irin. Dókítà ọsibítù ní Ìlọrin wò ó títí. Ó ní ká ní mo tètè mú un wá nígbà tí ojú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ni, bóyá àwọn ì bá rí nǹkan ṣe sí ọ̀kan. Mo bi í pé ọ̀nà wo ni ǹ bá gbà mú un wá. Ó kàn di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Mo padà wálé, mo sì sọ fún Ìyá.

"Ìyàwó," ló wí, "mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn tán. Kí ni mo wá gbà á fún?"

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì ń pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí. Orúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni.

Ìyá ti kú. Mi ò bínú sí i nígbà náà, mi ò sì bínú sí i báyìí. Ọmọ mi ti di ọmọge. Ó mọ owú ran gan-an; Ìyá ló kọ́ ọ. Bí ó bá lọ sí ìdí kànga, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí títí á fi dé. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Á ní, "Màmá, ẹ wọlé, mi ò tíì jábọ́." Mo máa ń rẹ́rìn-ín kó lè gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, kí ẹ tó ní kí wọ́n kó ọmọ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí ìyá àgbà tó wà nílé, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fi oògùn díẹ̀, àti ohun tí yóò máa mú un tutù, sílẹ̀ fún àwọn tó bá pẹ́ dé. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ní ohun tí wọ́n rí nígbà àwọn wolé-wolé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ní ọjọ́ tí àwọn tó ń bupá bá dé àdúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ síbi iṣẹ́. Ẹ dúró sílé, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú, kí ẹ sì mú un lọ bá wọn.