Oríkì Tó Gba Ilé Ìgbẹ̀bí Wa Sílẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́sàn-án. Kí n tó débẹ̀, tíṣà ìtàn ni mí ní Fìdítì, mo sì máa ń fi aṣòfin kan láti Írẹ́lándì, tó gbé ayé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà, pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín. Àwọn tirẹ̀ ò pọ̀ nílé ìgbìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣòfin lé wọn lórí. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣòfin tí yóò ni àwọn ará ilé rẹ̀ lára, yóò dìde, yóò sì máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí wọ́n má baà ráyè dìbò. Mo ní aláròyé lásán ni. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kàn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú àbá wá pé kí a ti ilé ìgbẹ̀bí wa ní Fìdítì, kí a kó àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lọ síbòmíràn. Ibẹ̀ ni mo bí ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ẹni mẹ́jọ ló fara mọ́ àbá náà. Bí a bá dìbò, ó parí nìyẹn. Mo ti gbọ́ fìrì ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, mo sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ọlọ́mọ nílé, pàápàá ìyá alága wa, tí í ṣe ọmọ Fìdítì, ṣùgbọ́n mọ́tò wọn ò tíì dé.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ni mo bá dìde, mo ní kí n kọ́kọ́ kí àwọn baba mi tó wà ní ìjókòó. Ìyàwó ilé ni mí, mo gbọ́ oríkì agboolé láti Ìlọrà dé Awẹ́. Mo ki baba alága, mo ki baba baba rẹ̀, mo bọ́ sórí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ta ni wọ́n ń ki baba rẹ̀ tí yóò ní kí wọ́n dákẹ́?

Nígbà tó yá, akọ̀wé wo aago, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ dìbò."

Kánsẹ́lọ̀ tí mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yí ojú sí i. "Ṣé tèmi lo wá fẹ́ fò? Jẹ́ kí wọ́n ki baba tèmi náà."

Ọ̀fun mi ti gbẹ, mo ti ń tún baba ńlá kan náà kì, kí n tó gbọ́ mọ́tò níta. Ìyá alága ló ṣíwájú wọlé. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ibi tí ìyàwó ẹ bímọ sí lo fẹ́ tì?"

Alága dọ̀bálẹ̀ tòun ti agbádá. Kó tó dìde, ẹni tó mú àbá wá ti ní òun ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin gbé mi sókè nínú gbọ̀ngàn, inú mi sì dùn kọjá sísọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí sójà gbàjọba, tí wọ́n sì lé gbogbo wa lọ sílé. Ilé ìgbẹ̀bí náà ṣì wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi sí. Aláròyé ni wọ́n ń pè mí nílùú, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ká ní mo mọ oríkì ilé baba ará Írẹ́lándì yẹn ni, ǹ bá kì í.